Orílẹ̀ Kan, Èdè Kan? Àyẹ̀wò Ìfẹ́-Orílẹ̀-Èdè Láti Àdúgbò Gwange

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ọ̀rọ̀ yìí ti rí fún ọmọ ènìyàn, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún ọ̀rọ̀ inú èdè. 'Orílẹ̀-èdè' ni orúkọ tí Yorùbá fún irú àwùjọ tí Nàìjíríà, Faransé tàbí Jámánì jẹ́ lónìí. Ọ̀rọ̀ méjì ni ó para pọ̀ di ẹyọ kan yìí. 'Orílẹ̀' ni orísun tí àwọn ènìyàn ti ṣẹ̀ wá. 'Èdè' ni ohun tí wọ́n ń sọ. Èrò tí ó wà lábẹ́ orúkọ náà ni pé àwọn tí orísun wọn àti èdè wọn jẹ́ ọ̀kan ni ó yẹ kí ìjọba wọn jẹ́ ọ̀kan. Èrò yìí kan náà ni ìpìlẹ̀ ìfẹ́-orílẹ̀-èdè ti òde òní níbi gbogbo ní àgbáyé.

Bí ènìyàn bá gbé ọ̀rọ̀ náà dé Gwange, ìṣòro dé. Gwange jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àdúgbò tí èrò pọ̀ sí jù ní ìlú Maiduguri, ní ẹ̀bá odò Ngadda, ní Ìpínlẹ̀ Borno. Kanuri, Shuwa, Haúsá, Bura àti Marghi ń gbé ibẹ̀ pọ̀. Ọ̀pọ̀ ní ẹbí ní Chad, ní Kamẹrúùnù tàbí ní Niger. Bí ó bá jẹ́ pé èdè ni a fi ń mọ orílẹ̀-èdè, mélòó ni ó wà ní Gwange? Bí ó bá sì jẹ́ orílẹ̀ ni, ti àwọn kan wà ní òdì-kejì ẹnubodè. Àpilẹ̀kọ yìí yẹ ohun tí ó ń fa ìfẹ́-orílẹ̀-èdè àti àyọrísí rẹ̀ wò láti ibẹ̀. Ó sì fi hàn pé èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ní ìtumọ̀ mìíràn fún 'orílẹ̀', tí ó gbòòrò ju èyí tí àwọn ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ń lò lọ.

Èrò Gellner àti ti Anderson

Ní ọdún 1983, ìwé pàtàkì méjì jáde lórí kókó yìí. Ernest Gellner kọ *Nations and Nationalism*. Benedict Anderson kọ *Imagined Communities*. Ohùn àwọn méjèèjì ṣọ̀kan lórí ohun kan: orílẹ̀-èdè kò tó bí àwọn olùfẹ́ rẹ̀ ti ń sọ láti gbó. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ohun tí ó bí i.

Lójú Gellner, iṣẹ́ ẹ̀rọ ni. Àwùjọ tí ó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ ń fẹ́ òṣìṣẹ́ tí yóò lè bá ẹni tí kò mọ̀ rí sọ̀rọ̀ ní àsọyé. Ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ń pèsè irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ìjọba nìkan ni agbára rẹ̀ sì ká irú ilé-ẹ̀kọ́ náà. Báyìí ni ààlà ìjọba àti ààlà èdè ṣe ń fẹ́ di ọ̀kan.

Àlàyé yìí kò bá Borno mu. Ọdún 1964 ni ọkọ̀ ojú irin tó dé Maiduguri. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1954 ni àwọn ọ̀dọ́ tí ó kàwé ti dá ẹgbẹ́ Borno Youth Movement sílẹ̀, tí wọ́n ń tako àwọn aláṣẹ ìbílẹ̀ àti ẹgbẹ́ òṣèlú NPC, tí wọ́n sì ń bèèrè ìpínlẹ̀ tiwọn. Ẹgbẹ́ Action Group ti Awólọ́wọ̀ wá di alájọṣe wọn. Kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ni ó bí ẹgbẹ́ yìí. Ìbéèrè tí ó bí i ni pé: ta ni yóò jókòó sórí àga tí òyìnbó fẹ́ dìde kúrò lórí rẹ̀?

Ní ti Anderson, ìwé títẹ̀ ni ìdí ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó ń ka ìwé ìròyìn mọ̀ pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí òun kò rí rí ń kà á ní èdè kan náà, ní ọjọ́ kan náà. Láti inú èrò yìí ni wọ́n ti ń rí ara wọn bí ọmọ ìyá. Ẹ̀rí tí ó lè dán èrò yìí wò wà ní Freetown, níbi tí èdè Yorùbá àti èdè Kanuri ti pàdé lọ́wọ́ ìjọ àjíhìnrere kan ṣoṣo.

Èdè méjì ní Freetown

Wọ́n kó Àjàyí Crowther lẹ́rú ní Òṣogùn ní ọdún 1821. Ọkọ̀ ojú omi ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀, ó sì dé Freetown ní ọdún 1822. Ẹni tí ó ṣáájú rẹ̀ dé ibẹ̀ ni Ali Eisami, ọmọ Borno. Ó ti ṣe ẹrú ní ilẹ̀ Yorùbá kí olówó rẹ̀ tó tà á sí etí òkun ní nǹkan bí ọdún 1818, nígbà tí ìdìtẹ̀ Àfọ̀njá ń dẹ́rù ba àwọn tí ó ní ẹrú Mùsùlùmí. Crowther tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní ọdún 1843. Láti ẹnu Ali Eisami ni Sigismund Koelle ti gba ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ó fi kọ ìwé gírámà Kanuri àti ìwé ìtàn Kanuri ní ọdún 1854. Ìjọ CMS kan náà ni ó rán Koelle níṣẹ́, tí ó sì gba Crowther ṣiṣẹ́.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn èdè méjèèjì jọra, ṣùgbọ́n ìgbẹ̀yìn wọn kò jọra. Yorùbá ní *Ìwé Ìròyìn* ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859, ìpàdé lórí àkọtọ́ ní Èkó ní ọdún 1875, àti odindi Bíbélì ní ọdún 1884. Ọ̀yọ́, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà àti Ìjẹ̀bú ń bá ara wọn jagun lọ́wọ́ nígbà tí ìwé ń sọ wọ́n di ọ̀kan lórí tákàdá. Nígbà tí wọ́n dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ ní London ní ọdún 1945, àwọn tí ó lè pe ara wọn bẹ́ẹ̀ ti wà nílẹ̀.

Kanuri kò rìn ní ọ̀nà yẹn, kì í sì í ṣe nítorí pé wọn kò mọ ìwé kọ. Láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni àwọn onímọ̀ Borno ti ń fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ ìtumọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ Àlùkùránì ní Kanembu àtijọ́, èdè tí ó bá Kanuri tan. Kì í ṣe láti kó àwọn elédè kan jọ ni wọ́n ṣe kọ ọ́, bí kò ṣe láti mọ ẹ̀sìn. Borno ní ọba àti ìjọba tirẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún; èdè tí àwọn ará ìlú ń sọ kọ́ ni ó so wọ́n mọ́ ọba. Yorùbá ní ìwé láìní ìjọba kan. Borno ní ìjọba láìfi èdè kan ṣe òdiwọ̀n rẹ̀.

Àtúnṣe tí èrò Anderson ń fẹ́ nìyí: ìwé nìkan kì í dá orílẹ̀-èdè sílẹ̀. Àwọn tí ń wá ohun tí yóò so wọ́n pọ̀ ni ìwé ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún. Ọ̀rọ̀ náà 'orílẹ̀-èdè' bá ìtàn Yorùbá mu gan-an. Kò bá ti Borno mu. Òṣùwọ̀n ilé kan ni wọ́n ń gbé lọ wọn oko ẹlòmíràn.

Nígbà tí aládùúgbò di àjèjì

Èrè ìfẹ́-orílẹ̀-èdè kò kéré. Òun ni ó lé amúnisìn lọ. Bí kò bá sí i, bóyá ni à bá máa kọ́ èdè abínibí ní yunifásítì lónìí. Ṣùgbọ́n ó ní àyọrísí mìíràn. Ní November 1969, ìjọba Ghana pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tí wọ́n bí sí ibẹ̀ padà sí ìlú tí wọn kò dé rí.

Ní ọjọ́ 24 January 1980, ó kan Maiduguri. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ mú Shugaba Abdurrahman Darman, olórí àwọn aṣòfin tí ó pọ̀ jù ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Borno lábẹ́ ẹgbẹ́ GNPP, wọ́n sì gbé e sọdá sí Chad. Àlàyé wọn ni pé kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà, nítorí pé ọmọ Chad ni bàbá rẹ̀. Ẹgbẹ́ NPN tí ó wà lórí oyè ní àpapọ̀ àti GNPP tí ó ń ṣàkóso Borno jẹ́ abánidíje.

Shugaba pe ìjọba lẹ́jọ́. Agbẹjọ́rò àgbà G.O.K. Àjàyí ni ó gba ẹjọ́ rẹ̀ rò. Adájọ́ Adefila ti Ilé-ẹjọ́ Gíga Borno dá a láre, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn náà sì gbè é lẹ́yìn. Kanuri ni ìyá rẹ̀. Òfin 1979 sọ pé ọmọ Nàìjíríà ni ẹni tí wọ́n bí sí Nàìjíríà ṣáájú òmìnira, bí òbí rẹ̀ kan tàbí òbí àgbà rẹ̀ kan bá ti inú àwùjọ onílẹ̀ ní Nàìjíríà wá. Ẹjọ́ dára, ṣùgbọ́n ó yẹ kí lámèyítọ́ kíyè sí ohun tí ó gba ọkùnrin náà là. Kì í ṣe iṣẹ́ tí ó ṣe fún ìlú, kì í sì í ṣe ìbò tí àwọn ènìyàn dì fún un. Orílẹ̀ ìyá rẹ̀ ni. Kí ni òfin náà ìbá ṣe fún aládùúgbò rẹ̀ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ ti òdì-kejì ẹnubodè wá?

Ààlà inú ilé náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní August 1991 ni wọ́n gé Yobe kúrò lára Borno. Kanuri tí orísun rẹ̀ jẹ́ Geidam, tí ó ń gbé Gwange, di ọmọ ìpínlẹ̀ mìíràn ní ọjọ́ kan, láìsí pé ó ṣí nílé, láìsí pé èdè ẹnu rẹ̀ yí padà. Bí wọ́n bá ti ń pín ìpínlẹ̀ kí olúkúlùkù lè ní tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àlejò ń pọ̀ sí i.

Orílẹ̀ nínú oríkì

Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá padà wo ilé. Ọ̀rọ̀ náà 'orílẹ̀' ti wà nínú lítíréṣọ̀ alohùn kí ó tó di ara 'orílẹ̀-èdè'. Oríkì orílẹ̀ ni akígbe fi ń mọ Olófà, Oníkòyí tàbí Òpómúléró níbikíbi tí ó bá wà. Olófà lè máa gbé Ìbàdàn, kí àtìran rẹ̀ máa jẹ oyè níbẹ̀. Orílẹ̀ rẹ̀ bá a dé ibẹ̀, kò sì sọ ọ́ di àjèjì. Ìwádìí Karin Barber ní Òkukù, tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1991, fi hàn pé ní ìlú kan ṣoṣo, onírúurú orílẹ̀ ni àwọn agbo ilé ní, ibi tí wọ́n sì ti ṣí wá jẹ́ ohun ìyangàn fún wọn. Akígbe kì í dúró ní ìdí bàbá nìkan. Ó ń ki ènìyàn dé orílẹ̀ ìyá. Ohun tí ilé-ẹjọ́ Maiduguri fi òfin wá rí, ó ti pẹ́ tí obìnrin akígbe ti ń sọ ọ́ ní ìta gbangba.

Kò yẹ kí á sọ àsọdùn. Àwùjọ tí ó ni oríkì orílẹ̀ náà mọ ìyàtọ̀ onílẹ̀ àti àlejò, ìjà ilẹ̀ sì pọ̀ nínú ìtàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ ọnà yìí, orílẹ̀ jẹ́ ohun tí ènìyàn ń gbé wọ ìlú, kì í ṣe ohun tí a fi ń tì í sóde.

Àgbálọgbábọ̀

Àyẹ̀wò yìí fi hàn pé ìdíje fún ipò àti ìwé tí ó rí àwọn tí ń wá a ni ó bí ìfẹ́-orílẹ̀-èdè ní Nàìjíríà, àti pé èdè kan fún ìjọba kan jẹ́ àbájáde ìtàn àwọn kan, kì í ṣe òfin ìṣẹ̀dá. Ó ti pẹ́ jù láti pa ọ̀rọ̀ náà 'orílẹ̀-èdè' rẹ́. Ohun tí ó kù lọ́wọ́ olùkọ́ ni ìtumọ̀ tí yóò fún akẹ́kọ̀ọ́. Bí ó bá kọ́ ọ pé orílẹ̀ ni ibi tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ wọ̀, Shugaba yóò tún sọdá ẹnubodè. Bí ó bá kọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí akígbe ti mọ̀ ọ́n, ará Gwange yóò lè ka orílẹ̀ bàbá rẹ̀ ní Chad àti ti ìyá rẹ̀ ní Borno láìbẹ̀rù, kí ó sì sùn sílé.