Ìṣẹ́jú-Àáyá Mẹ́fà

Nígbà tí wọ́n bá ti afárá Èkó pa fún àtúnṣe, Costain ni a ti ń rí bí LASTMA ṣe ń darí ọkọ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni perfusionist ń ṣe ní yàrá iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ni ọkọ̀ tirẹ̀. Bí oníṣẹ́ abẹ bá fẹ́ dá ọkàn dúró kó lè tún un ṣe, perfusionist á gba ẹ̀jẹ̀ kó tó dé ọkàn, ẹ̀rọ á fún un ní ọ́síjìn dípò ẹ̀dọ̀fóró, á sì tì í padà sínú ara.

Ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 1953 ni John Gibbon fi irú ẹ̀rọ yìí tún ọkàn ọ̀dọ́bìnrin kan ṣe ní Philadelphia, ó sì yè. Ní 1974, Fabian Udekwu àti ẹgbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú Magdi Yacoub ọmọ Íjíbítì, ṣe irú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn UNTH, Enugu. Orúkọ oníṣẹ́ abẹ la máa ń rántí. Ẹ jẹ́ ká wo akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ perfusionist, tó jókòó sídìí ẹ̀rọ.

Kí aláìsàn tó wọlé, ó ti so gbogbo rọ́bà pọ̀, ó ti da omi iyọ̀ sí i, ó sì ń lé afẹ́fẹ́. Á fi ọwọ́ gbá rọ́bà pẹ́pẹ́, á tẹjú mọ́ ibi tí rọ́bà méjì ti pàdé, torí ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń sá pamọ́ sí. Èyí tó bá dé ọpọlọ lè rọ ènìyàn lápá lẹ́sẹ̀. Ẹ̀rọ ní bátìrì tirẹ̀. Síbẹ̀, irin tí a fi ń fi ọwọ́ yí i gbọ́dọ̀ wà nítòsí, bí iná bá lọ.

Wọ́n á fún aláìsàn ní heparin kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn, àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ náà kò ní dì títí ìṣẹ́jú-àáyá 480 yóò fi kọjá, kí ẹnikẹ́ni tó tan ẹ̀rọ. Ohun tí oníṣẹ́ abẹ bá pa láṣẹ, akẹ́kọ̀ọ́ á tún un sọ sókè kó tó ṣe é.

Wàyí o, ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́, ojú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kúrò lára ike tí ẹ̀jẹ̀ ń dà sí. Bí ẹ̀rọ bá ń ti lítà 4 láàárín ìṣẹ́jú kan, tí mílílítà 400 péré sì kù nínú ike, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà ló kù kí afẹ́fẹ́ wọ ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí kò tíì mọṣẹ́ ń dúró de aago ìkìlọ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ti rí i kí aago tó dún: á dín eré ẹ̀rọ kù, á ní, “Ọ̀gá, ẹ̀jẹ̀ ò padà bọ̀ dáadáa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo rọ́bà yẹn.” Bóyá ọwọ́ tó gbé ọkàn sókè ló ká rọ́bà náà. Olùkọ́ rẹ̀ dúró lẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ kò kan ẹ̀rọ.

Nígbà tí ọkàn bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í lù, díẹ̀díẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ń fún rọ́bà tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá sínú ẹ̀rọ pa, kí ọkàn lè máa gba iṣẹ́ rẹ̀ padà. Wọ́n á wá fi protamine pa agbára heparin. Síbẹ̀, kò ní tú ẹ̀rọ palẹ̀ títí wọn yóò fi rán àyà aláìsàn tán, torí ọkàn tó gba iṣẹ́ rẹ̀ lè tún dá a padà.