Ọwọ́ Tó Ń Ya Tòmátì ní Bari

Ní Bari, ìlú etíkun ní gúúsù Ítálì, ọwọ́ ni àwọn ìyá tó mọ focaccia, búrẹ́dì pẹlẹbẹ ibẹ̀, ṣe fi ń ya tòmátì rẹ̀. Wọ́n á di tòmátì wẹ́wẹ́ mú lókè páànù gan-an, wọ́n á fún un kí omi àti kóró rẹ̀ kán sórí ìyẹ̀fun pípò, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ìka tẹ ara èso náà wọlé. Tòmátì tí a fi ọ̀bẹ gé á jókòó lórí búrẹ́dì bí àlejò tí kò tíì bọ́ bàtà. Èyí tí a fọwọ́ ya ti di ara ilé kó tó dé inú ààrò: ibi tí omi rẹ̀ bá kán sí á rọ̀, á pọ́n, á sì kan díẹ̀ lẹ́nu. Mi ò rí ọbẹ̀ tòmátì tó lè ṣe irú èyí.

Ìyẹ̀fun náà gba sùúrù. Àlìkámà líle lílọ̀ kúnná, ìbátan sẹ̀mó tí à ń rò nílé, ni wọ́n ń pò mọ́ ìyẹ̀fun funfun. Irú àlìkámà yìí náà ló wà nínú búrẹ́dì Altamura, ìlú kan nítòsí Bari tí McDonald's ṣí ilé oúnjẹ sí ní 2001, tó sì kógbá sílé kó tó pé ọdún méjì. Nico Cirasola fi ìtàn náà ṣe fíìmù Focaccia Blues ní 2009.

Wọ́n á gún ànàmọ́ òyìnbó sísè mọ́ ọn. Ẹnu kì í mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti di omi mú kí inú focaccia má baà gbẹ. Pípò náà á máa lẹ̀ mọ́ ìka. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe á máa bu ìyẹ̀fun sí i kó lè le, á sì bà á jẹ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á fi òróró ólífì pa ọwọ́, á fi ìwúkàrà sílẹ̀ kó ṣe tirẹ̀.

Lẹ́yìn tòmátì ni iyọ̀ àti oregano gbígbẹ, tí wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra sórí rẹ̀. Ewé yìí bá efínrín wa tan. Ọ̀pọ̀ ewé ni òórùn wọn ń ṣá bí wọ́n bá gbẹ, àmọ́ gbígbẹ ló ń mú tirẹ̀ le sí i.

Ẹni tó bá ń ṣahun òróró kó má dáwọ́ lé e rárá. Páànù irin róbótó ni, òróró sì gbọ́dọ̀ bo ìdí rẹ̀ dáadáa, torí pé bí òkè ṣe ń yan ni ìsàlẹ̀ ń dín. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé e sí ìsàlẹ̀ ààrò pátápátá, nínú ooru tó tó 250 lórí òṣùwọ̀n Celsius.

Wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á gbé e wá kí oúnjẹ gidi tó délẹ̀. Ẹ yí ègé tiyín dojú dé kí ẹ tó fi sẹ́nu. Bí ìsàlẹ̀ bá pọ́n dọ́gba láti etí dé àárín, ẹni tó ṣe é mọ iṣẹ́.