Ìwé Tó Ní Ègbè

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjà Aswani ní Ìsọlọ̀ máa ń kún jù. Orúkọ ilé iṣẹ́ aṣọ ni àdúgbò Aswani ń jẹ́, aṣọ náà ló sì sọ ọjà rẹ̀ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, àmọ́ òkìrìkà ni ti ọjà. Wọn kì í tíì já bélì tán tí àwọn obìnrin á ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí wọ́n á máa ṣà. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń yan nǹkan, kó wo bí ìyá ọlọ́mọ ṣe ń ra aṣọ níbẹ̀. Á fa ojú rírán wò, á na aṣọ sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà bóyá ó ti lu, á gbé e lé ọmọ lẹ́yìn, á ní kó na apá, lẹ́yìn náà ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Ẹ wá wo obìnrin kan náà níbi tí wọ́n to ìwé ọmọdé sí lórí tapólì, láàárín bàtà àti ohun ìṣeré tó bá ẹrù òyìnbó wọlé. Á wo èèpo ẹ̀yìn, á wo bó ṣe nípọn tó, á béèrè iye. Kò ní gbé e lé ọmọ lára wò.

Mo gbọ́ ìyá kan níbẹ̀ tó ń bá ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wí, ọmọ bí ọdún méje, tó di ìwé pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ya katapílà sí mú gírígírí. “Fi yẹn sílẹ̀. Àwòrán lásán ni. Ṣé àwòrán lo fẹ́ lọ kà fún tíṣà ẹ?” Ọ̀tàwé náà bá a dá sí i: “Màmá, ẹ mú èyí tó nípọn yìí, gírámà pọ̀ nínú ẹ̀.” Èyí tó nípọn náà ni wọ́n rà. Bí ọmọ yẹn ò bá ṣí i títí ọdún fi yí po, wọn á ní ọ̀lẹ ni.

Iṣẹ́ lámèyítọ́ ni yíyan ìwé fún ọmọ tí ìwé kíkà kì í wù, ó sì ṣòro ju kí a dá ìwé àgbà lẹ́jọ́ lọ, nítorí ẹni tó ń dájọ́ kọ́ ló máa kà á. Èrò tèmi ni pé ohun kan wà tó yẹ kí a kọ́kọ́ wá nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣáájú gbogbo nǹkan: ohun tó ń padà wá. Gbólóhùn tí ọmọ pàdé lójú ìwé kẹta, tó tún bá a pàdé lójú ìwé kẹfà, tó sì mọ̀ ọ́n lójú. Ẹ̀kọ́ ìwà, àwọ̀ mèremère, orúkọ òǹkọ̀wé ńlá, gbogbo ìyẹn lè dúró ná. Àwọn baba wa ti mọ èyí kí ìwé tó dé rárá. Ìdí tí àlọ́ fi ní orin nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú àlọ́ Ìjàpá àti àsèjẹ Yánníbo. Yánníbo, ìyàwó Ìjàpá, ń wá ọmọ, babaláwo se àsèjẹ fún un, ó sì kìlọ̀ fún Ìjàpá tó wá gbà á pé kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Òórùn ọbẹ̀ kò jẹ́ kó gbádùn. Ó jẹ ẹ́ tán lọ́nà, ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ló bá sá padà sọ́dọ̀ babaláwo pẹ̀lú orin ẹ̀bẹ̀ lẹ́nu. Nínú orin yẹn, apàlọ́ ló ń lé, àwọn ọmọ ló ń gbè. Ìlà tí apàlọ́ ń lé ń yí padà nítorí Ìjàpá ń ṣàlàyé, ó ń parọ́, ó ń bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n ègbè kò yẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta tí kò gbọ́ ìtàn náà rí á ti mọ ègbè kí orin tó dé àárín. Láti ìgbà yẹn lọ, òun pẹ̀lú wà lára àwọn tó ń pa àlọ́ náà.

Ẹ wá wo ohun tí ọ̀pọ̀ ìwé àlọ́ tó wà lọ́jà ń fi orin ṣe. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú lẹ́tà wínníwínní láàárín ojú ìwé. Nígbà tó bá tún yẹ kó wáyé, wọ́n á ní Ìjàpá tún kọ orin rẹ̀, ó parí. Àwọn tó ń kọ àlọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì tiẹ̀ máa ń yọ ọ́ dànù pátápátá. Ẹ̀kọ́ ni wọ́n á fi dí àlàfo náà: ojúkòkòrò kò dára, ọmọ tó bá ṣàìgbọràn á jìyà. Lójú àgbàlagbà, nǹkan kékeré ni wọ́n yọ. Ní ti ọmọ tó ṣì ń wọ̀yá ìjà pẹ̀lú lẹ́tà, ìlà tí ì bá kà láìkọsẹ̀ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Òyìnbó náà wá ohun tó ń padà wá yìí kiri. Lọ́dún 1954, John Hersey kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn Life ní Amẹ́ríkà pé ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọdé ní kíkà kò dùn mọ́ àwọn ọmọ nínú rárá. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Dr. Seuss gbé The Cat in the Hat jáde, oríṣi ọ̀rọ̀ 236 péré ló sì fi kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní Ìlú Ọba, ilé iṣẹ́ Ladybird bẹ̀rẹ̀ Peter and Jane ní 1964, ìwé 36 tó dá lórí ìwádìí William Murray àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ 12 péré ló kó ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ohun tí à ń kà lédè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn méjèèjì ló ń tún ọ̀rọ̀ pè, àmọ́ ẹ kà wọ́n sókè, ẹ ó rí i pé ọmọ ìyá kan náà kọ́ ni wọ́n. Nínú Peter and Jane, ọ̀rọ̀ ń padà wá nítorí pé ẹnì kan jókòó, ó kà á, ó ní kò tíì pé iye. Nínú ti Dr. Seuss, ìró ọ̀rọ̀ ń pe ara wọn, etí á ti mọ ohun tó ń bọ̀ kí ojú tó débẹ̀, nǹkan sì ń bàjẹ́ sí i nínú ilé yẹn bí a ṣe ń ṣí ìwé. Ti àlọ́ ló jinlẹ̀ jù: orin tún dé nítorí pé ikùn Ìjàpá tún ti wú sí i. Ìdí wà fún àtúnpè. Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni má ra Peter and Jane bó bá rí i nínú òkìrìkà, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni máa kọ́kọ́ gbé fún ọmọ tí ìwé ti sú.

Nínú àwọn tó ń kọ̀wé fọ́mọdé lóde òní, mi ò tíì rí ẹni tó mọ ọgbọ́n yìí tó Atinuke. Ọmọ Nàìjíríà ni, ilẹ̀ Wales ló ń gbé, apàlọ́ sì ni. Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, Anna Hibiscus, jáde ní 2007: ìtàn kúkúrú mẹ́rin, ilé kíkún, àwọn ìbejì tó ń jẹ́ Double àti Trouble. Ọ̀nà kan náà ló máa ń gbà bẹ̀rẹ̀ ìtàn, débi pé ọmọ á ti ka ìlà bíi mélòó kan kó tó rántí pé òun kì í fẹ́ kàwé. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni pé “Áfíríkà” lásán ló pe ibi tí ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, bíi pé a kò ní ìlú. Ìwé mìíràn tó kọ, Baby Goes to Market, tó jáde ní 2017, kò ní ojú ìwé tó pọ̀, síbẹ̀ òun gan-an ni mo fẹ́ kí àwọn ọ̀tàwé Aswani máa tà. Ìyá pọn ọmọ lọ sọ́jà. Ọlọ́jà kan fún ọmọ náà ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́fà. Ó jẹ ọ̀kan, ó ju márùn-ún sínú apẹ̀rẹ̀ tó wà lórí ìyá rẹ̀. Ó kan ọsàn márùn-ún, ó kan ṣinṣín mẹ́rin, ó kan àgbàdo mẹ́ta, ìyá kò sì mọ nǹkan kan. Ọmọ tó bá ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀gẹ̀dẹ̀ á ti mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ọsàn. Á fẹ́ kà á kó lè rí i pé òun gbà á.

Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ nílẹ̀ wa. Lọ́dún 2015, ìwé ọmọdé 109 ló wọlé fún ẹ̀bùn lítíréṣọ̀ Nàìjíríà tí ilé iṣẹ́ NLNG ń fún òǹkọ̀wé, dọ́là 100,000, àwọn adájọ́ ò sì rí ìkankan tó tó gbà á. Wọ́n ní èdè inú wọn kò gún, a kò sì tún wọn yẹ̀ wò dáadáa kí wọ́n tó jáde.

Ọ̀rọ̀ èdè wá kù. Lọ́dún 1970, Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́ ní gbogbo iṣẹ́, ọdún mẹ́fà gbáko, àfi Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Ìwé kò sí. Àwọn fúnra wọn ló kọ ọ́. Ìjábọ̀ iṣẹ́ náà fi hàn pé àwọn ọmọ yẹn ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ. Síbẹ̀, ní 2025, ìjọba àpapọ̀ wọ́gi lé ìlànà 2022 tó ní kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni, nítorí náà ọwọ́ òbí àti ọ̀tàwé ni ọ̀rọ̀ èdè ìwé kù sí. Ní Ìsọlọ̀, Yorùbá, Ìgbò àti Píjìn lè wà nínú ilé kan ṣoṣo. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí a ra ìwé tí a kọ ní èdè tí ọmọ náà fi ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jà. Bó bá jẹ́ Yorùbá ni, kí a ṣí ibi tó bá wù wá, kí a wo àmì ohùn. Bí kò bá pé, ká dá a padà. Àgbàlagbà lè fi òye gbé ohùn tí a kò kọ, ọmọ tó ń ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò lè ṣe é, á kàn rò pé òun ò mọ̀wé ni.

Àwọn tó ka ìwé Aláwìíyé tí J. F. Ọdúnjọ kọ ní kékeré ṣì lè ka ewì inú rẹ̀ lórí láìwòwé. Àkọ́sórí ni wọ́n ń pè é, àwọn kan sì ti wá ń fojú tín-ín-rín rẹ̀. Àǹfààní tó ní kò kéré: ẹnu ti mọ ewì náà kí ojú tó bá a lórí bébà, ọmọ wá ń fi ohun tó mọ̀ tú ohun tí kò mọ̀.

Nídìí àtẹ, mo máa ń dá a lábàá pé kí ìyá ka ojú ìwé méjì àkọ́kọ́ sókè fún ọmọ lórí ìdúró. Nígbà tí gbólóhùn tó ń padà wá bá tún yọjú, kó pa ẹnu mọ́. Bí ọmọ bá gbè é, kó sanwó. Bí ọmọ bá na ọwọ́ láti ṣí ojú ìwé kó tó kan án, kó sanwó kíákíá. Bó bá sì jẹ́ pé ìwé katapílà ló dì mú, tí kò sì fẹ́ fi í sílẹ̀, kò yẹ ká tún dán ohunkóhun wò mọ́. Àwọn òbí á tún máa ráhùn nílé pé ìwé kan náà lọmọ ń kà lójoojúmọ́. Kí wọ́n fi í sílẹ̀. Olùkọ́ ọmọ Faransé kan, Daniel Pennac, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ Comme un roman ní 1992 pé òǹkàwé lẹ́tọ̀ọ́ láti fo ojú ìwé, láti má parí ìwé, àti láti tún un kà. A gba ti ẹ̀tọ́ kẹta yìí láyè fún ọmọ tó ń gbọ́ àlọ́. Kò sẹ́ni tó ń sọ fún un pé o ti gbọ́ èyí lánàá.

Ó ku àwọn òǹtẹ̀wé. Bí wọ́n bá ní bébà ti wọ́n, òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n orin ìlà mẹ́fà tó wáyé lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú ìtàn kan kò lè jẹ ju ojú ìwé kan lọ. Ìbéèrè tí wọ́n ń tẹ̀ sẹ́yìn ìtàn kọ̀ọ̀kan, níbi tí wọ́n ti ń bi ọmọ léèrè ẹ̀kọ́ tó rí kọ́, máa ń gba tó bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Kí wọ́n yọ ìyẹn, kí wọ́n sì tẹ orin náà pé pérépéré ní gbogbo ìgbà tí Ìjàpá bá la ẹnu.