Orin Àyìnlá àti Ikú

Ẹyin lohùn: bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Òwe yìí ni a ń rántí ní Òwu níhìn-ín bí a bá gbọ́ àpàlà Àyìnlá Ọmọwúrà, Mùsùlùmí ọmọ Abẹ́òkúta. Ó fi orin dárò òkú, ó sì fi orin bú àwọn olórin ẹgbẹ́ rẹ̀. Orin èébú tètè ń ṣá: ẹni tí kò mọ ìdí ìjà kò lè mọ adùn rẹ̀. Ìdárò kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ilé tí ikú kì í dé. Ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún, 1980, wọ́n la ife ọtí mọ́ Àyìnlá lórí níbi ìjà, ó sì kú. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ìdárò tó kọ fún ẹlòmíràn ti di tirẹ̀. Ẹ̀yin akéwì wa, ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ ẹnu. Kí Ọlọ́run forí jì í. Àmín.