Iwájú Ọkọ̀, Iwájú Ọ̀gákọ̀

Àwọn kan nínú yín ti ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ bèèrè bóyá mo ti pa kálàmù tì. N kò pa á tì. Iná ni kò dúró ní Ìdó-Ilé níbí, ojú mi náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́ lálẹ́. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ lóṣù tó kọjá tí kò jẹ́ kí n lè dákẹ́.

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, tó ń gbé ní Houston ní Amẹ́ríkà, fi bébà kan rán àbúrò rẹ̀ tó ń bọ̀ wá sin òkú nílé. Wọ́n ká a bí ẹní. Nígbà tí mo tú u, ó gba orí tábìlì ìjẹun tán, etí rẹ̀ kan tún ṣẹ́ wálẹ̀. Púláànù ni, irú èyí tí àwọn ayàwòrán-ilé máa ń yà, àmọ́ kì í ṣe ti ilé. Ti ọkọ̀ òfuurufú Enterprise inú Star Trek ni, yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá, àjà lórí àjà, títí dé ibi tí wọ́n ń kó ẹrù sí. Ó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé: "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Ṣé ọ̀gákọ̀ yìí kọjú síwájú àbí kò kọjú síwájú? Ọ̀rọ̀ yìí ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti ọmọ mi."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo pe ìyàwó mi kó wá wo ohun tí àgbàlagbà fi ń ṣeré. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, èmi náà ti mú rúlà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin tí ẹ kò wò ó rí. Láàárín 1966 sí 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe Star Trek lórí tẹlifíṣọ̀n. Matt Jefferies ló ya bí ọkọ̀ náà ṣe rí. Ṣùgbọ́n kò sí ọkọ̀ kankan níbẹ̀. Ohun tó wà ni àwòṣe kan tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 11, tó ti wà lọ́wọ́ àwọn Smithsonian láti ọjọ́ pípẹ́, àti àwọn yàrá pákó tí wọ́n kàn sí ibi tí wọ́n ti ń ya fíìmù. Wọ́n á fi àwòṣe hàn wá tó ń kọjá lójú sánmà. Wọ́n á gé e. Wọ́n á fi yàrá tí ọ̀gákọ̀ jókòó sí hàn wá. Àwa tí à ń wò ó la so méjèèjì pọ̀, tí a ní yàrá yìí, inú ọkọ̀ yẹn ló wà. Ẹ̀yin tí ẹ bá mi jókòó ní kíláàsì gírámà, ẹ ó rántí àsínpọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe: "Ó mú ọ̀bẹ gé iṣu." Kò sí "àti" níbẹ̀, kò sí "sì", síbẹ̀ kò sí ọmọ Yorùbá kan tó máa bi yín pé ṣé ọ̀bẹ tó mú yẹn náà ló gé iṣu. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni gígé àwòrán nínú fíìmù ṣe ń ṣiṣẹ́. Olùgbọ́ ló ń so ó.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹnì kan mú rúlà. Ẹni náà ni Franz Joseph Schnaubelt, tí àwọn olólùfẹ́ Star Trek mọ̀ sí Franz Joseph, ẹni tó ti fi iṣẹ́ yíya àwòrán ẹ̀rọ bàlúù jẹun ní San Diego. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló fẹ́ràn Star Trek, òun ló fa bàbá rẹ̀ wọ̀ ọ́. Ní 1975, púláànù tí bàbá yìí yà jáde lọ́jà, ìwé rẹ̀ mìíràn tó ń jẹ́ Star Fleet Technical Manual sì jáde lọ́dún kan náà. Èyí tó wà lórí tábìlì mi, ọmọ-ọmọ tirẹ̀ ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú nìyí. Nínú yàrá ìṣàkóso, ilẹ̀kùn líìfìtì kò sí lẹ́yìn ọ̀gákọ̀ gan-an, ó yà sí apá kan. Àmọ́ tí ẹ bá wo àwòṣe láti ìta, ẹ ó rí ohun kan bí agolo tó yọ sí ẹ̀yìn yàrá náà, láàárín gbùngbùn, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Tí agolo yẹn bá jẹ́ ojú ọ̀nà líìfìtì, a jẹ́ pé ọ̀kan nínú méjì ni: yálà ilẹ̀kùn kò sí níbi tí à ń rí i, tàbí wọ́n yí gbogbo yàrá náà, tí ọ̀gákọ̀ fi kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tí ọkọ̀ ń lọ síwájú. Franz Joseph yí i. Nǹkan bí dìgírí 36. Láti ìgbà náà ni àwọn olólùfẹ́ ti ń bá ara wọn fà á. Àwọn kan ní agolo yẹn kì í ṣe ti líìfìtì rárá. Àwọn kan ní líìfìtì inú ọkọ̀ náà máa ń rìn ní ìbú (òótọ́ ni, fíìmù fi hàn bẹ́ẹ̀), nítorí náà ó lè jáde nínú agolo kó sì gba ẹ̀gbẹ́ yí wá. Àwọn mìíràn ní kí ló tilẹ̀ burú nínú kí ọ̀gákọ̀ kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́? Ohun tó wà níwájú rẹ̀ kì í ṣe fèrèsé, bí ìgbà tí èèyàn ń wo tẹlifíṣọ̀n ni.

Mo bọ̀wọ̀ fún Franz Joseph. Ẹlẹ́rìí méjì ló wá bá a, inú àti ìta, kò sì sọ pé ọ̀kan nínú wọn ń purọ́. Ó gbà á bẹ́ẹ̀ pé kí àwòrán wọ́, kí ẹ̀rí méjèèjì lè dúró. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wá tún un ṣe lẹ́yìn rẹ̀ kò ní irú sùúrù yẹn; wọ́n ti ilẹ̀kùn síbi tó wù wọ́n, kí ohun gbogbo lè gún régé. Síbẹ̀ mo rò pé ó ṣì í. Ìṣirò rẹ̀ pé, àmọ́ fíìmù kò sọ ohun tó ní ó sọ. Tí ọ̀gákọ̀ bá ní kí wọ́n máa lọ, tí wọ́n gé àwòrán, tí a sì rí ọkọ̀ tó ṣí lọ síwájú, iwájú ọ̀gákọ̀ àti iwájú ọkọ̀ ti di ọ̀kan lójú ẹni tó ń wò ó. Àsínpọ̀ ni. Ẹni tó bá ki dìgírí 36 bọ àárín ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ti ba gbólóhùn jẹ́, bó ti wù kí rúlà rẹ̀ gún tó.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi tún sọ ti Galileo fún mi lórí fóònù, ìyẹn ọkọ̀ kékeré tí wọ́n máa ń gbé jáde láti inú ọkọ̀ ńlá. Èyí tí wọ́n kàn fún ìta, ó kéré sí yàrá tí wọ́n kàn fún inú. Inú fíìmù, àwọn géńdé dìde dúró nínú rẹ̀. Ẹni tó bá dé ìdí ti ìta yóò rí i pé orí máa kan àjà. Ti ìta yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹrà tán kí àwọn olólùfẹ́ tó rà á, tí wọ́n tún un ṣe, tí wọ́n sì gbé e lọ sí Space Center Houston ní 2013. Akẹ́kọ̀ọ́ mi mú ọmọ rẹ̀ lọ wò ó. Ọmọ náà wo ọkọ̀, ó wo bàbá rẹ̀, ó ní ó jọ pé àwọn èèyàn ìgbà yẹn kúrú ni. Mo ti rí àlàyé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí kò tó èyí.

Ẹnì kan lè ní ta ló rán wọn níṣẹ́. Mo bi ara mi bẹ́ẹ̀ náà. Àmọ́ ẹ wo àwa níhìn-ín. A ń mú àṣìṣe nínú fíìmù Yorùbá lójoojúmọ́: ọba ayé àtijọ́ na ọwọ́, a rí àpá aago, jagunjagun ń sá wọ igbó, òpó iná NEPA ń wò ó lẹ́yìn. A ń pariwo, a ń rẹ́rìn-ín, ó tán. Bí ẹni mú olè là ń mú àṣìṣe. Ní 2010, Niyi Akinmolayan gbé Kájọlà jáde, fíìmù nípa Èkó ní ọdún 2059, níbi tí àwọn olówó ti kó lọ sí Erékùṣù tí wọ́n fi àwọn yòókù sílẹ̀ lókè odò. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi yọ ọ́ kúrò ní sinimá. Àwọn òǹwòran ní àwòrán rẹ̀ kò dára tó. Kò dára tó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ló jókòó yàwòrán Èkó yẹn? Ta ló béèrè pé afárá wo ló ṣẹ́kù, omi dé ibo, ọkọ̀ ojú omi wo ni òtòṣì ń wọ̀ dé ọ̀dọ̀ olówó? Àwọn ọmọ Èkó tó mọ gbogbo kọ̀rọ̀ Òṣòdì bí ẹní mọ owó kò kà á sí ohun tó yẹ kí wọ́n tún ṣe. Olùdarí náà fúnra rẹ̀ ló gbé ara rẹ̀ dìde. Òun ló darí The Wedding Party 2 ní 2017. Inú mi kò dùn pé òun nìkan ló ṣe àtúnṣe.

Èyí tó bá iṣẹ́ tèmi mu jù lọ ni ti Marc Okrand. Onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ni. Èdè Mutsun ní California ló fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1977, èdè tí ẹni tó sọ ọ́ gbẹ̀yìn ti kú, tó jẹ́ pé àkọsílẹ̀ àwọn tó ti lọ ló fi tún gírámà rẹ̀ tò. Nígbà tí wọ́n ń ṣe Star Trek kejì, tó jáde ní 1982, àwọn òṣèré méjì ti sọ ọ̀rọ̀ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti yà á tán, ni àwọn olùdarí bá ní èdè Vulcan ló yẹ kó jẹ́. Okrand jókòó, ó ń wo ètè wọn, ó sì hun ọ̀rọ̀ tuntun tó bá ètè mu. Ẹ gbọ́ o: èdè tí ètè ṣáájú rẹ̀! Fún ẹ̀kẹta, ní 1984, ó ṣe èdè Klingon, ìwé atúmọ̀ rẹ̀ sì jáde ní 1985. Òṣèré á ṣi ọ̀rọ̀ pè, tàbí kí wọ́n yí ìtumọ̀ gbólóhùn padà lẹ́yìn tí wọ́n ti yà á. Okrand kì í ní kí wọ́n lọ tún un yà. Ó máa ń lọ wá òfin tí àṣìṣe náà fi máa jẹ́ ẹ̀tọ́, á sì kọ ọ́ sínú gírámà. Ohun tí mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ yín náà nìyẹn: ohun tí ẹni tó ni èdè bá sọ, ẹ má tètè pè é ní àṣìṣe.

Èmi tí mo kọ́ yín, mi ò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní 1978, mo gbé ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì lọ sí abúlé kan lọ́nà Ìjerò, mo gba àlọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ìyá àgbà kan. Àlọ́ nípa ìyálé àti ìyàwó nínú agbo ilé kan ni. Igbá omi kan wà ní ẹ̀yìn ulé (bí a ṣe ń pe ilé níhìn-ín nìyẹn, ẹ má tún un ṣe). Ìyàwó ní kí ọmọ ìyálé lọ gbé igbá tó wà níwájú ulé wá. Ọmọ lọ sójú títì, ó rí igbá kan níbẹ̀, ó da ohun inú rẹ̀ nù kó lè gbé e wá. Àgbo tí ìyá rẹ̀ sè fún aláìsàn ló dà nù. Wọ́n na ọmọ náà, ìjà dé, ilé tú.

Nígbà tí mo ń kọ ọ́ sílẹ̀, mo ní ìyá yìí ti gbàgbé. Ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ fi igbá omi sí, ó tún wá ní iwájú. Mo fa igi lé "iwájú ulé", mo kọ "ẹ̀yìnkùlé" sí i, kí ó lè bára mu. Mo fún un ní àkọlé: "Ọmọ Aláìgbọràn". Ẹ rí i pé ó yẹ ẹ́. Wọ́n ní kó lọ sẹ́yìn, ó lọ síwájú. Mo sì fi kọ́ kíláàsì lẹ́yìn kíláàsì.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọ-ọmọ mi bá mi kó àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà sórí fóònù. Mo tún un gbọ́. Ìyá àgbà ti sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí mo kà sí ọ̀ṣọ́ lásán, pé ilẹ̀kùn ìyálé kọjú sí títì, ilẹ̀kùn ìyàwó kọjú sí oko. Nígbà tó dé ibi tí ìyàwó ti ń rán ọmọ níṣẹ́, ohùn rẹ̀ yí padà. Ohùn ọ̀dọ́mọbìnrin ló fi sọ ọ́. Iwájú ulé tí ìyàwó ní, ẹ̀yìn ulé tí ìyálé mọ̀ ni. Ọmọ náà ṣe ohun tí wọ́n rán an gẹ́lẹ́, pẹ̀lú iwájú tí ìyá rẹ̀ fi kọ́ ọ. Kò ṣàìgbọràn. Kò sí ẹni tó bi í, èmi náà kò sì bi ẹni tó pàlọ́, nígbà tó ṣì wà láyé, tó jókòó sí iwájú mi.

Nínú fíìmù yẹn, iwájú méjì tí wọ́n yà sọ́tọ̀ lórí bébà, ọ̀kan ni. Nínú àlọ́ yìí, èyí tí mo sọ di ọ̀kan lórí bébà, méjì ni. Rúlà kan náà la fi ṣe é.

Nítorí náà mo bẹ̀ yín. Ẹ̀yin tí ìwé àlọ́ tí a máa ń pín ní kíláàsì ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ wá "Ọmọ Aláìgbọràn". Ẹ fa igi lé àkọlé náà. N kò tíì rí òmíràn, ẹ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀. Níbi tí mo ti kọ "ẹ̀yìnkùlé" sẹ́nu ìyàwó, ẹ kọ "iwájú ulé". Ẹni tó bá ti pa á fún àwọn ọmọ tirẹ̀ bí mo ṣe kọ ọ́, kó tún un pa fún wọn.

Ní ti púláànù, mo ti fi rán àbúrò náà padà. Mo kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé ọmọ rẹ̀ ló jàre.