Ojú Tí Kì í Dáhùn Àgò: Àríwísí Lórí Ìrísí Kámẹ́rà Aṣọ́lé

Ọdún 1966 ni Marie Van Brittan Brown, nọ́ọ̀sì kan ní Queens nílùú New York, àti Albert ọkọ rẹ̀ kọ̀wé béèrè fún ẹ̀tọ́ ìṣẹ̀dá lórí kámẹ́rà aṣọ́lé tí wọ́n gbìmọ̀ ṣe. Oṣù Kejìlá ọdún 1969 ni ó tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Ihò mẹ́rin ni wọ́n fi sára ilẹ̀kùn, ti òkè fún ẹni tó ga, ti ìsàlẹ̀ fún ọmọdé. Kámẹ́rà á sì máa lọ sókè sódò lẹ́yìn wọn. Onílé á rí àlejò nínú tẹlifíṣọ̀n, á bá a sọ̀rọ̀, á tẹ bọ́tìnì ṣílẹ̀kùn fún un bó bá wù ú.

Lójú tèmi, ẹ̀rọ yìí mọ àṣà. Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tó dé ẹnu ọ̀nà á kágò, onílé á ní "àgò yà". Àlejò mọ ibi tí ojú wà, ó sì gbọ́ ohùn ẹni tó ń wò ó.

Ẹ wá wo èyí tó dà bíi gílóòbù, tí wọ́n ń yí sínú ihò iná. Wọ́n mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é kí ó jọ ohun tí kì í ṣe ni. Èyí tí ike dúdú bo ojú rẹ̀ kò sàn jù ú lọ: ta ló mọ ibi tó kọjú sí? Olóríburúkú àlejò á kan máa rẹ́rìn-ín sí ògiri ni. Ti gílóòbù tún ní àbùkù tó wúwo ju ti ìwà lọ. Bí ọmọ ilé bá pa iná ẹ̀hìnkùlé kó tó sùn, kámẹ́rà tí kò ní bátìrì sùn nìyẹn.

Ní Ogbe-Ijoh tí a wà yìí, ìlú etí omi, ẹ jẹ́ kí a tún yẹ páálí rẹ̀ wò. IP66 tí wọ́n kọ síbẹ̀ ń sọ nípa eruku àti omi tó ń tú jáde tagbáratagbára. Kò sọ nǹkan kan nípa ìpẹtà. Ìdè tó gbé kámẹ́rà mọ́ ògiri lè dípẹtà nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì ń ríran kedere.

Èyí tó gùn bí ọ̀pá ni mo fara mọ́ jù. Ó ní ìbòrí tó ń gba òjò dúró, ibi tó nà sí náà ló ń wò. Ṣùgbọ́n abẹ́ òrùlé ni à ń gbé e kọ́, nítorí náà, orí fìlà àlejò ló sábà ń rí. Ihò ìsàlẹ̀ ti ìyá Brown, èyí tó wà fún ọmọdé, kò sí níbẹ̀.