Ohun tí Bascom Kó Lọ

Bí a bá dárúkọ William Bascom láàárín àwọn tó mọ ìtàn Ilé-Ifẹ̀, orí idẹ méjì ni ó kọ́kọ́ ń wá sí wọn lọ́kàn. Ní ọdún 1938, àwọn tó ń walẹ̀ láti kọ́lé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, tí kò jìnnà sí ààfin Ọọ̀ni, ṣàdédé bá orí idẹ pàdé nínú ilẹ̀. Bascom wà ní ìlú nígbà náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì pé ọmọ ọdún 26. Ó ra méjì nínú àwọn orí náà, ó sì kó wọn lọ sí Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1950 ó dá wọn padà fún Nàìjíríà. A gbọdọ̀ yìn ín fún èyí, nítorí orí mìíràn tó jáde láti inú ilẹ̀ kan náà ṣì wà ní London títí di òní. Ṣùgbọ́n orí idẹ nìkan kọ́ ni ọkùnrin yìí kó lọ. Ó kó ohùn lọ pẹ̀lú, lórí ohùn yìí ni mo sì fẹ́ bá a ṣírò.

Ìpínlẹ̀ Illinois ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1912. Melville Herskovits ni olùkọ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Northwestern. Níbẹ̀ ni ó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀dá ènìyàn àti àṣà rẹ̀ ní ọdún 1939, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí Northwestern fún ní irú oyè bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1957 ó di olùdarí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Yunifásítì California ní Berkeley, ó sì wà nídìí iṣẹ́ náà títí di ọdún 1979. Ó kú ní ọdún 1981.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kò fojú tín-ín-rín ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń gbójú fò. Ó kọ̀wé lórí oúnjẹ wa. Ó kọ̀wé lórí èsúsú ní ọdún 1952, ó sì rí ọgbọ́n owó níbi tí àwọn mìíràn ti rí eré àwọn ìyálọ́jà. Nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń sọ pé ìlú tí ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ jẹ́ àgbẹ̀ kò lè jẹ́ ìlú ńlá, ó dìde sí wọn ní ọdún 1955: ó wo bí èrò ti pọ̀ tó, bí ilé ti fún mọ́ra tó, ó ní ìlú ńlá ni ìlú Yorùbá kí òyìnbó tó dé. Ìyàwó rẹ̀, Berta Montero, ọmọ Kúbà ni. Ní ọdún 1948 wọ́n jọ lọ ṣe ìwádìí ní Kúbà, ó sì bá òrìṣà wa àti odù wa lọ́hùn-ún.

Ìwé ńlá tó kọ lórí dídá ifá jáde ní ọdún 1969, ọdún 30 ó lé lẹ́yìn tó ti gba ohùn àwọn babaláwo sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Oore ńlá kan wà nínú ìwé yẹn: ó tẹ ẹsẹ ifá ní èdè Yorùbá, kò fi ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ṣe é. Àmọ́ ẹ wo bí ó ti tẹ̀ ẹ́. Ó gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó fi ìlà kékeré so wọ́n pọ̀, ó fi àkámọ́ ká fáwẹ́lì tí ìpajẹ mú lọ, ó sì da gbogbo rẹ̀ sójú ìwé bí ọ̀rọ̀ wuuru. Ní ọdún 1968, ọdún kan ṣáájú, Wándé Abímbọ́lá ti tẹ Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá ní ìlà-ìlà bí ewì, tí ojú ń rí ibi tí ẹni tó ń kì í ti ń mí.

Kì í ṣe àìbìkítà ló fà á. Ní ọdún 1954 Bascom ti ka iṣẹ́ mẹ́rin tí lítíréṣọ̀ alohùn ń ṣe: ó ń dá ni lára yá, ó ń ti àṣà lẹ́yìn, ó ń kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́, ó sì ń fi ìjánu sí ìwà ènìyàn. Ta ni yóò jiyàn? Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń béèrè iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ ń ṣe nìkan kò ní dúró gbọ́ bí ó ti ń dún. Ó jọ pé òun náà mọ̀ ọ́n nígbẹ̀yìn. Nínú ìwé ẹẹ́rìndínlógún tó tẹ̀ jáde ní ọdún 1980, ní ìlà-ìlà ni ẹsẹ wà, a sì mọ ẹni tó ni ohùn: Sàlàkọ́ ará Ọ̀yọ́, tí Bascom gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1951. Mo ka èyí sí ìdápadà kejì, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn.

Ó ku ẹnì kan. Ní ọdún 1939 tí Bascom gboyè, Nathaniel Fádípẹ̀, ọmọ Abẹ́òkúta, parí iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé tirẹ̀ ní London lórí àwùjọ Yorùbá. Ó kú ní ọdún 1944. Ọdún 1970 ni iṣẹ́ náà tó di ìwé. Bascom kọ́ ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ṣùgbọ́n n kò lè ka ọ̀kan kí n má rántí èkejì.

Mo ka ẹsẹ kan láti inú ìwé ọdún 1969 yẹn sókè fún babaláwo àgbà kan rí, bí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ gan-an. Baba jẹ́ kí n kà á tán. Ó ní, “Ọ̀rọ̀ yẹn pé.” Ó tún ìjókòó ṣe, ó gbé e láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì kì í fún mi.